Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀kọ́ Inú Géèmù fún Ọjà Tẹ́júoṣó

Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí awuyewuye ńlá ti ń lọ láàárín àwọn tó fẹ́ràn géèmù àròsọ kárí ayé. Ọ̀rọ̀ ìran ló fà á. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìwé òfin eré kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ọmọ ìran báyìí ni òpè, pé gbogbo ọmọ ìran tọ̀hún ni ìkà, àti pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni òpè àti ìkà náà wà? Àwọn kan ní ìwọ̀sí gbáà ni. Àwọn mìíràn ní eré lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ eré di ẹjọ́. Bí ìròyìn náà bá ta sí oníṣòwò létí ní ọjà Tẹ́júoṣó, ó ṣeé ṣe kó mi orí, kó ní àwọn òyìnbó tí kò rí ohun gidi ṣe ló ń jà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ibi díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá mu tó ọjà yẹn.

Ẹni tó bá mọ lúdò yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Ní ọ̀sán tí oníbàárà bá wọ́n, kì í ṣòro láti rí àwọn ọ̀dọ́ oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yí pátákó lúdò ká. Àwọ̀ mẹ́rin ló wà lórí pátákó náà, dáìsì kì í sì í ṣojúsàájú fún ọ̀kankan nínú wọn. Ọmọ pupa gbọ́dọ̀ rí mẹ́fà kó tó jáde nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ àwọ̀ ewé. Ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn baba ńlá fi lélẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò kan kò níye lórí ju èkejì lọ. Ọgbọ́n ẹni tó ń ta á ló ń sọ ẹni tí yóò jẹ.

Òfin mìíràn ni géèmù àròsọ ń tẹ̀ lé. Dungeons & Dragons ni baba wọn, èyí tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Àwọn ènìyàn bíi mélòó kan yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan yóò máa pa ìtàn, àwọn yòókù yóò sì gbé ìwà ẹni inú ìtàn wọ̀ bí ẹ̀wù: ọ̀kan di jagunjagun, ọ̀kan di oníṣègùn, ọ̀kan di olè. Ó dà bí àlọ́ tí àwọn tó ń gbọ́ ọ ti di ẹni inú àlọ́ náà. Nọ́ńbà ló ń sọ bí agbára, làákàyè àti ìfaradà olúkúlùkù ṣe tó, dáìsì ló sì ń sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, olúkúlùkù yóò yan ìran tó ti wá. Ìran yìí ló ń bu àmì kún un tàbí kó bù ú kúrò. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo orc, ẹ̀dá abàmì kan tó fẹ́ jọ ènìyàn. Nínú ìwé Volo's Guide to Monsters tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast tẹ̀ jáde ní 2016, ẹni tó bá yan orc yóò gba àmì 2 kún agbára ara, wọn yóò sì yọ àmì 2 kúrò nínú làákàyè rẹ̀. Kò tíì ya ẹnu sọ̀rọ̀, kò tíì hùwà kankan, dáìsì kò tíì kan ilẹ̀, ìwé ti pinnu pé alágbára ni, òpè sì ni. Ìran mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní drow. Awọ ara wọn dúdú, ọ̀pọ̀ ìwé eré náà sì fi wọ́n hàn fún ọdún pípẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìran oníwà ibi.

Ní oṣù kẹfà 2020, nígbà tí ikú George Floyd ti mú kí ọ̀rọ̀ ìran gba ìgboro Amẹ́ríkà kan, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé orc àti drow yóò máa jẹ́ ẹ̀dá tó ní rere àti búburú nínú bí ẹ̀dá yòókù. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìwé tuntun fún àwọn olùṣeré láyè láti gbé àmì wọn kúrò níbi tí ìran gbé e sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2022, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà tún tẹ ìwé kan jáde tó ní ìran hadozee nínú. Ẹ̀dá tó jọ ọ̀bọ ni wọ́n. Ìtàn wọn ni pé oṣó kan kó wọn, ó fún wọn ní oògùn tó là wọ́n lójú, ó sì fẹ́ tà wọ́n lẹ́rú. Ọ̀bọ, ẹrú, ọ̀gá tó la ojú ẹni: kò sí aláwọ̀ dúdú tó mọ ìtàn òwò ẹrú tí kò ní gbọ́ ohùn àtijọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kí oṣù kan tó pé, ilé-iṣẹ́ náà ti tọrọ àforíjì, ó sì ti yọ ìtàn náà kúrò. Ní ìparí ọdún yẹn ni wọ́n kéde pé àwọn kò ní lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ìran" mọ́, pé èyí tó túmọ̀ sí "irú ẹ̀dá" ni àwọn yóò máa lò.

Àríyànjiyàn náà kò mọ sí orí tábìlì. Nínú géèmù kọ̀ǹpútà Morrowind, tí ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní 2002, aláwọ̀ dúdú ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pè ní Redguard. Ọkùnrin Redguard ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára 50 àti làákàyè 30. Breton, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú làákàyè 50. Olùgbèjà géèmù náà lè dáhùn pé Nord, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ funfun, ní làákàyè 30. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ọmọ aláwọ̀ funfun tó bá ń gbá géèmù náà lè fi Nord sílẹ̀, kó yan Breton, kó sì rí ara rẹ̀ nínú ọlọ́gbọ́n. Ọmọ dúdú tó bá fẹ́ rí ènìyàn tó jọ òun, Redguard nìkan ló wà fún un.

Ó yẹ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tó ta ko àtúnṣe yìí, nítorí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní orc kì í ṣe ènìyàn, ẹni tó bá sì rí aláwọ̀ dúdú nínú rẹ̀, ojú ẹni náà ló yẹ kó wẹ̀. Wọ́n ní ìtàn akọni kò lè dùn láìsí ọ̀tá, pé bí gbogbo ìran bá rí bákan náà, kí ni ìwúlò yíyan ìran? Ohùn kẹta wà láàárín wọn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ìwé òfin tuntun jáde ní 2024, wọ́n yọ àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́jẹ̀ méjì kúrò nínú àwọn tí ènìyàn lè yàn, ìyẹn ọmọ tí òbí rẹ̀ kan jẹ́ orc tàbí elf tí èkejì sì jẹ́ ènìyàn. Ó dun àwọn olùṣeré kan tí bàbá àti ìyá wọn wá láti ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Ẹni tó ń tún ilé ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má lé ọmọ onílé jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tó níye lórí jù nínú ìwé 2024 kò sí nínú orúkọ tí wọ́n yí padà. Àmì agbára àti ti làákàyè kò wá láti ara ìran mọ́. Iṣẹ́ àti ìgbé-ayé tí ẹni náà ti gbé kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ló ń fún un ní àmì: bóyá àgbẹ̀ ni, oníṣòwò, akọ̀wé, atukọ̀, ọmọ ogun, tàbí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ orc tó bá ti ṣe akọ̀wé yóò ní làákàyè akọ̀wé. Ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀ṣọ́ yóò ní ara líle ẹ̀ṣọ́, ìran yòówù kó ti wá. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́. Òfin kékeré yìí ló yẹ kí Tẹ́júoṣó gbé yẹ̀ wò.

Tẹ́júoṣó mọ ohun tí à ń pè ní àtúnkọ́. Iná jó ọjà náà ní 2007, wọ́n wó o, wọ́n tún un kọ́, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá sì ṣí ilé alájà tuntun náà ní 2014. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan wà tí iná yẹn kò jó, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí tọmọdé tàgbà sì mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní Ìjẹ̀bú láhun. Ó ní Ìgbò lè ta ìyá rẹ̀ nítorí owó. Ó ní Ìjẹ̀ṣà kì í dárí gbèsè jini. Ní ti Haúsá tó ń ru ẹrù kiri ọjà, ìwé yẹn ní ó lágbára bí ẹṣin, kò sì mọ nǹkan kan. Ẹ wo àpèjúwe ìkẹyìn yẹn dáadáa. Àmì 2 kún agbára, àmì 2 kúrò nínú làákàyè. Orc ni wọ́n fi alábàárù ṣe, láìsí dáìsì, láìsí tábìlì. Bóyá ọkùnrin náà ti há Kùránì sórí kó tó pé ọmọ ogún ọdún, bóyá ó ń gbọ́ èdè mẹ́ta, kò sí oníbàárà tó bi í. Ìwé ti sọ ohun tó jẹ́.

Ọmọ Yorùbá náà kò yọ nínú ìwé ẹlòmíràn. Níbẹ̀, aláriwo ni, onífàájì tí kò mọ̀ ju òde àríyá lọ, ọlọ́bẹ̀ elépo, ẹni tí kò ṣeé finú hàn. Kò sí ẹ̀yà tí kì í kọ ìwé yìí, kò sì sí èyí tí wọn kò kọ ọ́ nípa rẹ̀.

Bí ènìyàn bá wá orísun àwọn àpèjúwe wọ̀nyí, iṣẹ́ ni yóò máa bá nídìí wọn. Àpẹẹrẹ tó yẹ ọjà aṣọ jù lọ ni Òṣómàáló. Ní ìparí sẹ́ńtúrì 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 20, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, olówó aṣọ yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, yóò ní òun kò ní dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ náà ti jáde. Ẹni tó bá ta ọjà láwìn ní ìlú onílùú, tí kò ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀, kí ni yóò fi gba owó bí kì í bá ṣe sùúrù àti ìlóṣòó? Ọgbọ́n ìṣòwò ni, àwọn Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn sì gbà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ iyì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, àwọn ẹlòmíràn gbàgbé àwìn, wọ́n gbàgbé ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní bí wọ́n ṣe bí Ìjẹ̀ṣà nìyẹn. Iṣẹ́ ti di ẹ̀jẹ̀.

Ti Haúsá náà ní ìtàn tirẹ̀ ní Èkó. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn Haúsá jọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́, ó sì fi wọ́n ṣe ọmọ ogun. Nígbà tó yá, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run dá àwọn ẹ̀yà kan fún ìbọn gbígbé, ó sì dá àwọn mìíràn fún ìwé kíkọ. Kò sí ohun tó jọ tábìlì àmì ìran inú géèmù tó ètò yẹn. Amúnisìn ti lọ, tábìlì rẹ̀ wà nílẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ń kà jáde nígbà tí wọ́n bá rí ọmọ Kánò tó fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Yaba, tí ẹnu sì yà wọ́n.

Nàìjíríà mọ bí ó ṣe ń dunni tó nígbà tí ọ̀ràn bá kan òun. Ní oṣù kẹsàn-án 2009, ilé-iṣẹ́ Sony polówó ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwàdà pé bí gbogbo ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ òtítọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ì bá ti di olówó ńlá ní Nàìjíríà. Ìjọba Nàìjíríà bínú, Sony tọrọ àforíjì, ó sì yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ní oṣù kan náà, Dora Akunyili, mínísítà ètò ìròyìn, ní kí àwọn ilé sinimá dẹ́kun fífi District 9 hàn. Nínú fíìmù náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀daràn tó ń jẹ ẹran ara àwọn ẹ̀dá àjèjì, orúkọ olórí wọn sì jọ ti Ààrẹ àná. Ìbínú yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bínú sí fíìmù abẹ́lé tí mègáàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Haúsá tí kò gbọ́ èdè, tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti Kàlàbá, tí oníjìbìtì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Ìgbò? Ohun tí a kò fẹ́ kí Sony ṣe fún wa, a ń sanwó wò ó nínú yàrá wa.

Ẹni tó bá sì ní àwàdà kì í pani, kó bi àwọn ará Ìdí-Àràbà ní Múṣin, tí kò jìnnà sí Tẹ́júoṣó. Ní oṣù kejì 2002, aáwọ̀ àárín ènìyàn díẹ̀ di ogun Yorùbá àti Haúsá níbẹ̀. Ilé jóná, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú má bá ẹnikẹ́ni jà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yà wọn ni wọ́n bi wọ́n, wọn kò bi wọ́n ní ìwà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2023, níbi ìbò gómìnà Èkó, ìròyìn lóríṣiríṣi ló jáde pé wọ́n lé àwọn olùdìbò padà nítorí pé ojú wọn jọ ti Ìgbò. Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje, jẹ́ ọmọ bàbá tó jẹ́ Yorùbá àti ìyá tó jẹ́ Ìgbò. Àwọn alátakò rẹ̀ kan sọ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò. Ẹni tó fẹ́ dìbò fún un àti ẹni tí kò fẹ́, ètò tó fẹ́ ṣe ló yẹ kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlẹ́jẹ̀ méjì tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé géèmù, àwọn kan fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní Èkó.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àṣà Yorùbá ti ní èsì tó yanjú sí àríyànjiyàn yìí kí géèmù kankan tó dé. Ìtàn àtayébáyé sọ pé lọ́dọ̀ Àjàlá amọ̀kòkò ni ẹ̀dá ti ń yan orí kó tó wá sáyé. Olúkúlùkù ló ń lọ yan tirẹ̀. Àjàlá kì í kó orí kan náà fún odidi ẹ̀yà, ọmọ ìyá méjì kì í sì í gbé orí kan náà bọ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, inú igbó kan náà ni Agbákò oníjàgídíjàgan àti Ìrànlọ́wọ́ aláàánú ń gbé. Ọdẹ tó bá ní ìkà ni gbogbo ẹ̀dá inú igbó yóò yin ìbọn sí ẹni tó fẹ́ gbà á là. Fágúnwà kò yọ ọ̀tá kúrò nínú ìtàn kí ìtàn tó tọ́. Agbákò ń bani lẹ́rù, ìjà rẹ̀ sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ìwà Agbákò, Agbákò ló ni ín. Ẹni tó ní ìtàn kò lè dùn láìsí ìran búburú, kó padà lọ ka ìwé yẹn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Yaba lónìí ni pé àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣe géèmù àti ìtàn àròsọ tiwọn. Ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde ní 2016, géèmù akọni tí wọ́n fi ìtàn àti àṣà Áfíríkà hun. Ìwé aláwòrán Ìyanu tí Roye Okupe kọ láti inú àṣà Yorùbá di eré àwòrán lórí Cartoon Network ní 2025. Maliyo Games ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó láti 2012. Lójú ọ̀nà Herbert Macaulay, tí kò jìnnà sí Tẹ́júoṣó, ni CcHub wà, tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Láìpẹ́, ẹnì kan nínú wọn yóò kọ ìwé òfin géèmù tí Ọ̀yọ́, Núpé, Haúsá, Ìgbò àti Ìbìní yóò wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni yóò yan èyí tó wù ú. Ó lè kó ìwé tí iná Tẹ́júoṣó kò jó sínú kọ̀ǹpútà, kí ọmọ Èkó àti ọmọ Kánò máa fi ìka tẹ ìwọ̀sí ara wọn lórí fóònù. Ó sì lè ṣe bí ìwé 2024 ti ṣe, kó jẹ́ kí iṣẹ́ sọ agbára, kí ìrírí sọ làákàyè.

Kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo ẹ̀yà inú géèmù rẹ̀ di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Èdè lè yàtọ̀, oúnjẹ lè yàtọ̀, ìlù, aṣọ, ìkíni àti ọ̀nà ìjagun lè yàtọ̀. Ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn ló ń mú ayé dùn, òun náà ló sì ń mú kí Tẹ́júoṣó jẹ́ ọjà. Ohun tí kò yẹ kí ìwé kankan pín fún ẹ̀yà ni ọgbọ́n àti ìwà. Bí géèmù bá nílò ọ̀tá, kí wọ́n fún ọ̀tá náà ní orúkọ, kí wọ́n sì sọ ohun tó mú un ṣe ibi.

Ní ti oníbàárà àti oníṣòwò tí kò ní gbá géèmù láéláé, iṣẹ́ tiwọn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn tí alábàárù bá gbé ẹrù dé ẹnu mọ́tò, kí wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó san owó rẹ̀. Ìṣirò tí yóò ṣe lórí owó náà lè yá ju tiwọn lọ.